Táyà Iwájú àti Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù: Kí Wọ́n Dọ́gba àbí Kí Wọ́n Yàtọ̀?

Bí táyà bá dọ́gba, sípéà kan ti tó fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì lè máa gbé ti iwájú sẹ́yìn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba.

Kí ti ẹ̀yìn ga ju ti iwájú lọ ńkọ́? Ó dùn ún wò, àmọ́ fọ́ọ̀-wíìlì (ètò tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa ti ọkọ̀) ló máa jìyà ẹ̀. Táyà 265/70R17 (265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ náà, rímù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17) ga tó mìlímítà 803. 285/70R17 ga tó 831. Tí ẹ bá ti wọ fọ́ọ̀-wíìlì, àpótí tó ń pín agbára á so ṣáàfù iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, wọ́n á jọ máa yí. Bí táyà iwájú bá rin mítà 100, ti ẹ̀yìn fẹ́ rin 103.5. Lórí iyanrìn, táyà á yọ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò ríbi yọ̀ sí: ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀, gíà á kọ̀, kò ní fẹ́ jáde, ṣéènì inú àpótí náà sì lè já.

Tó bá jẹ́ pé fífẹ̀ lẹ ń wá, ẹ fi 285/65R17 sẹ́yìn: 802 ni, ó bá 803 mu dáadáa. Ọkọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í kò ní wàhálà ṣáàfù yìí, àmọ́ bí gíga táyà bá yàtọ̀, ABS rẹ̀ (ètò bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) ṣì lè ṣìrò.