Ìwé ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá já mi kulẹ̀

Mi ò ní dárúkọ ìwé yìí, torí ìwé àkọ́kọ́ tẹ́ni tó kọ ọ́ máa kọ ni, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá bà á lórúkọ jẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí torí inú ń bí mi gan-an. Ìwé ọ̀daràn ni, ojú ewé 412, òru mẹ́ta ni mo fi kà á.

Ká kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Orí kìíní ìwé yẹn, há! Akáǹtáǹtì kan ni wọ́n yìnbọn pa sínú ọ́fíìsì ẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀kùn wà ní títì látinú, àwọn ọlọ́pàá já a wọlé, wọn ò tíì sún mọ́ òkú tí fóònù tó wà lórí tábìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ni obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìtàn dá lé lórí bá wo ojú fóònù, orúkọ òkú yẹn gan-an ló rí pé ó ń pè. Orí mi wú. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ̀ pé oorun ti lọ nìyẹn.

Orí kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ní òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní aago mẹ́jọ alẹ́. Aago mẹ́wàá ni wọ́n já ilẹ̀kùn. Òǹkọ̀wé wá kọ ọ́ pé òkú ti gan látorí dé ẹsẹ̀ bí igi, débi pé wọn ò lè ká ọwọ́ ẹ̀ kò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka irú ìwé yìí, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Òkú kì í gan tán láàárín wákàtí méjì. Téèyàn bá kú, ó máa tó nǹkan bíi wákàtí méjì kí ìpéǹpéjú, àgbọ̀n àti ọrùn ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó sì lè tó wákàtí 12 kó tó kárí gbogbo ara, ooru lè mú un yá, òtútù lè fà á sẹ́yìn, àmọ́ kò lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn. Ni mo bá pariwo pé mo ti mú un! Ọkùnrin yìí ti kú látọ̀sán, ẹlòmíì ló bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀, àbí kó jẹ́ ìyàwó ló ń parọ́. Mo kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, mo fi há ojú ewé yẹn. Ó lé ní igba ojú ewé tí mo fi ń retí pé kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn rí ohun témi ti rí. Kò rí i o. Dókítà tó yẹ òkú wò náà ò rí i. Ìwé parí, ó wá jẹ́ pé lẹ́yìn aago mẹ́jọ náà ni wọ́n pa á lóòótọ́, ìyàwó ò parọ́ kankan. Àṣìṣe lásán ni.

Ti ìbọn ńkọ́? Revolver ni wọ́n ní apànìyàn lò, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá rí kòròfo ọta lábẹ́ àga. Revolver kì í da kòròfo ọta sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ibi roboto tó ń yí tí wọ́n ń ki ọta sí yẹn ló máa ń wà títí ẹni tó ni ín á fi fọwọ́ ara ẹ̀ kó o jáde. Mo tún ní ẹ̀hẹ̀n, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ jù ú síbẹ̀ kó lè ṣi ọlọ́pàá lọ́nà. Rárá. Wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á mọ́.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn o. Nínú ìwé ọ̀daràn, ojú kan náà ni àmì tó ń tọ́ka sí ọ̀daràn àti àṣìṣe òǹkọ̀wé ní, ẹni tó ń kàwé ò lè dá wọn mọ̀ àfi tó bá fọkàn tán ẹni tó kọ ọ́ pé gbogbo ohun tó gbé síbẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé síbẹ̀. Látìgbà tí mo ti rí i pé kò mọ̀, gbogbo ẹ̀ sú mi, kí ni mo tún fẹ́ máa ṣọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ò dáa. Ọlọ́pàá méjì jókòó sínú mọ́tò, ọ̀kan wá ń sọ fún èkejì pé "bó o ṣe mọ̀, ọdún 12 la ti jọ ń ṣiṣẹ́, o sì mọ̀ pé ìyàwó mi kú nínú jàǹbá mọ́tò." Ta ló ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀, dókítà, ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ń fi sọ̀rọ̀. Àyà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí ò sì yéé já, mo kà á dé ìgbà 31 kí n tó jáwọ́.

Ìparí ẹ̀ wá ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹni tó pààyàn ni àbúrò òkú yẹn, ọmọ bàbá ẹ̀, tí a ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí àfi ní ojú ewé 389! Ronald Knox tóun náà máa ń kọ ìwé ọ̀daràn ti kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀ láti 1929, èyí àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìtàn ti mẹ́nu bà látìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi àmì kankan pa mọ́ fún ẹni tó ń kàwé. Èèyàn lè rú òfin yẹn tó bá mọ ohun tó ń ṣe, ọ̀pọ̀ ló ti rú u tó sì dùn. Àmọ́ nínú ìwé yìí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ka lẹ́tà kan ní ojú ewé 240, ó ki í bọ àpò, wọn ò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wa, lẹ́tà yẹn ló wá fi mú àbúrò náà. Ẹ̀tàn nìyẹn. Fóònù tó ń dún yẹn ńkọ́, fóònù tó jẹ́ kí n pàdánù oorun òru mẹ́ta? Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi dáhùn ẹ̀, wọ́n ní apànìyàn fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ọlọ́pàá. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo parí ẹ̀, mo padà lọ ka orí kìíní. Ó ṣì dáa, ó ṣì mú mi lọ́kàn. Ẹni tó lè kọ orí kìíní yẹn mọ̀wé é kọ, ohun tó ṣaláìní ni édítọ̀ gidi kan tó máa bi í pé "aago mélòó ni wọ́n pa ọkùnrin yìí?" kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé apá kejì ń bọ̀, mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé náà, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ aago mẹ́jọ àti aago mẹ́wàá yẹn sí i, pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n wà.