Ombudsman tó ń gbọ́ ẹjọ́ káńsù ní England: ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ council tax

Mo ka ìwé ìpinnu tí Ombudsman (àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú nípa káńsù) kọ lórí ẹ̀sùn mi tán lálẹ́ àná, oorun ò kùn mí, ni mo bá ní kí n kọ eléyìí fún ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní England. Ó wà nínú ẹ̀ kedere pé lọ́jọ́ tí mo pe káńsù wa lórí fóònù pé a ti kó lọ sílé tuntun, òṣìṣẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé mo pè, ó kọ àdírẹ́sì tuntun náà síbẹ̀, ó kọ ọjọ́ tá a kó. Kọ̀ǹpútà àwọn fúnra wọn o! Àwọn yìí kan náà ló kọ lẹ́tà sí mi pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó fi hàn pé mo pe àwọn rí. Mo ka ìlà yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú àgbègbè káńsù kan náà la ti kó láti fúláàtì kan sí òmíràn, ní London níbí. Mo pè wọ́n, wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun fún ilé tuntun, mo ń san council tax ibẹ̀ (owó orí tí káńsù ń gbà lórí ilé) lóṣooṣù pẹ̀lú direct debit, báǹkì ló ń yọ ọ́ fúnra ẹ̀, kò yẹ̀ rí. Àṣé wọn ò ti àkáǹtì ilé àtijọ́ pa. Gbogbo bíìlì, gbogbo ìkìlọ̀, títí kan ìwé ìpè kọ́ọ̀tù májísíréètì, ilé àtijọ́ ni wọ́n ń kó o lọ. Kọ́ọ̀tù bá ní mo jẹ gbèsè láìrí mi sójú, káńsù bá gbé orúkọ mi fún bailiff, àwọn tí wọ́n ń rán wá gba gbèsè tàbí kó ẹrù. Ibi tó ń bí mi nínú jù nìyí: bailiff wá mi dé ilé tuntun lọ́gán, bẹ́ẹ̀ káńsù tó ń gba council tax lọ́wọ́ mi nílé yẹn lóṣooṣù ní òun ò mọ ibi tí mo wà.

Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ mi kékeré láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ṣì wà lọ́nà láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Ọkùnrin náà ń gbá ilẹ̀kùn, Màámi ní "ta nìyẹn o?", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ mi láti ojú ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà wọlé, pé owó wà lọ́rùn mi, pé òun máa kó ẹrù. Màámi ò gbọ́ gbogbo òyìnbó yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ orúkọ mi, wọ́n sì gbọ́ kọ́ọ̀tù. Wọ́n gbé ọmọ sí yàrá inú, wọ́n fi àga ti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé èmi ni, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìyàwó mi, gbèsè kí lo jẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn àgbàlagbà yín: lórí council tax, bailiff ò gbọ́dọ̀ fipá wọlé lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá, kò sì gbọ́dọ̀ wá ṣáájú aago mẹ́fà àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àìṣílẹ̀kùn tí Màámi ò ṣílẹ̀kùn yẹn, ohun tó tọ́ gan-an ni wọ́n ṣe.)

Lẹ́tà bailiff £75, wíwá sẹ́nu ọ̀nà £235, £310 ti gun orí owó tí mi ò jẹ nìyẹn, ká má tíì sọ owó kọ́ọ̀tù. Mo pe bailiff, wọ́n ní kí n lọ bá káńsù. Mo pe káńsù, ọmọkùnrin tó gbé e ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, kí n lọ bá bailiff. Mo ní ẹ̀gbọ́n, owó yín ni wọ́n ń gbà, ó ní "I understand your frustration", ó tún un sọ, ó tún un sọ, mo ní ṣé ẹ lè wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí mo pè yín, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo kọ ẹ̀sùn sí wọn, ìdáhùn àkọ́kọ́ pè mí ní Mr. Mo ní kí ọ̀gá wọn tún un wò, ọ̀gá náà da ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kọ pátá, Mr náà ṣì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wúlò nínú lẹ́tà ẹ̀ ni gbólóhùn tó kẹ́yìn, pé tí mi ò bá gbà, kí n lọ sọ́dọ̀ Ombudsman.

Local Government and Social Care Ombudsman lorúkọ wọn. Òfin ọdún 1974 ló dá wọn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò nílò lọ́yà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun káńsù fúnra ẹ̀ títí dé ìpele tó kẹ́yìn, tí káńsù bá sì ń fi ọ̀rọ̀ yín falẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ẹ lè máa lọ. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù 12 lọ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà o. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń gbà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti kọ́kọ́ wò ó bóyá ó yẹ ní wíwádìí. Wọ́n gba tèmi.

Obìnrin tí wọ́n fún ní ẹjọ́ mi pè mí fúnra ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi, ó pè é, mo tún un ṣe fún un, ó tún un pè, kò sì ṣì í pè mọ́ títí a fi parí. Ó ti ka gbogbo ìwé tí mo kó ránṣẹ́, torí ó bi mí nípa ọjọ́ kan tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé kan tí èmi gan-an ò rántí mọ́. Ó wá ní kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe láti fi tún un ṣe? Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí ní káńsù. Ó béèrè nípa Màámi, bóyá ara wọn ti balẹ̀. Kò tàn mí o, ó ní òun kì í ṣe lọ́yà mi, òun ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun máa ní kí káńsù kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù wọn wá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ kìíní nìyẹn! Wọ́n kó o wá, òótọ́ jáde. Wọ́n sì ka ìwà bailiff náà sí ìwà káńsù, torí káńsù ló rán an níṣẹ́.

Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á lọ ni inú mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n wádìí ohun tó ti dé iwájú adájọ́, àfi kí káńsù fúnra ẹ̀ gbà láti lọ fà á padà. Wọ́n ní kí káńsù dá £310 padà, kí wọ́n fagi lé gbèsè náà, kí wọ́n kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, kí wọ́n sì san £200 fún ìdààmú. Igba pọ́n-ùn! Fún àgbàlagbà tí wọ́n kó jìnnìjìnnì bá, fún ọmọ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn mọ́. Mo lọ ka ìlànà wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n ní àwọn kì í fìyà jẹ káńsù, pé kọ́ọ̀tù làwọn tó fẹ́ owó ńlá ń lọ. Ta ló lówó kọ́ọ̀tù? Ìmọ̀ràn sì ni gbogbo ẹ̀, kò sí òfin tó ní dandan ni kí káńsù ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí káńsù kọ̀. Wọ́n máa gbé ìpinnu náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀, mo gbà. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ní kò sí àkọsílẹ̀, orúkọ tiẹ̀ náà ò ní sí níbẹ̀. Kí ló dé? Ó purọ́ mọ́ mi.

Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ bá pè. Tó bá jẹ́ káńsù ni lánlọ́ọ̀dù yín tí wọn ò tún ilé ṣe, Housing Ombudsman lẹ máa lọ bá, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wales àti Scotland náà ní tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn bi mí bóyá irú ẹ̀ wà nílé, mo ní ó wà, Public Complaints Commission, láti 1975, kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún Ombudsman. Oṣù kan ni wọ́n fún káńsù láti san owó náà, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ mo máa padà wá kọ ọ́ síbí.