Irúgbìn St John's wort: ojúlówó ni, àmọ́ ẹ má tẹ̀ lé ẹ̀yìn páálí rẹ̀

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tí mo yọ kì í ṣe tìtorí irúgbìn rárá, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí ló fà á.

Ewéko yìí ni wọ́n ń pè ní Hypericum perforatum nínú ìwé. Inú igbó àti etí ọ̀nà ló ti ń dá hù ní Yúróòpù, Àríwá Áfíríkà àti ìwọ̀ oòrùn Éṣíà, gbòǹgbò kan náà ló sì ń rú lọ́dọọdún. Irúgbìn inú páálí mọ́ tónítóní, kò sí pàǹtí nínú rẹ̀. Àmọ́ ó kéré gan-an! Tí èèyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di àwátì.

Ẹ̀yìn páálí ní ká fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó dáadáa. Mi ò tẹ̀ lé e, nítorí irúgbìn yìí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Iyanrìn ni mo pò mọ́ ọn kí n lè máa rí ibi tó ń bọ́ sí, mo wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mo wá gbé agolo náà sínú abọ́ omi kó máa fa omi láti ìsàlẹ̀, torí omi tí a bá dà láti òkè á gbá gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í yára hù, ó lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹ má tètè da iyẹ̀pẹ̀ yín nù.

Lẹ́yìn ìyẹn, wàhálà rẹ̀ ò pọ̀. Oòrùn ló fẹ́, àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Àwọn tí mo gbìn síbi tí òjìji bò kàn gùn gbọọrọ ni, òdòdó wọn ò tó nǹkan. Ẹ fi nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ má sì retí òdòdó púpọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ìgbà tí òdòdó dé ni mo tó gbà pé ojúlówó ni wọ́n tà fún mi. Òdòdó tó ní àwọ̀ ìyeyè pọ̀ lóríṣiríṣi, àmọ́ ewé òdòdó márùn-ún ni tèyí ní, pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní létí wọn. Ẹ ká ewé kan lára ẹ̀ka rẹ̀, ẹ gbé e sójú oòrùn: ẹ ó rò pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Kì í ṣe ihò, àpò òróró kéékèèké ni. Ẹ fọ́ òdòdó tí kò tíì là mọ́ ìka yín, á kùn yín ní pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Páálí ò sọ pé ó máa ń gba ilẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ó ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, irúgbìn rẹ̀ náà sì ń dà sílẹ̀ yàlàyàlà. Ní California, láàárín ọdún 1940 sí 1950, kòkòrò Chrysolina tó ń jẹ ewé rẹ̀ ni wọ́n kó wá kí wọ́n tó rí i ká lórí pápá ìjẹko. Àgùntàn tàbí màlúù tí awọ rẹ̀ funfun, tó bá jẹ ẹ́ yó, oòrùn á bó o lára. Èmi máa ń gé òdòdó tó bá ti rọ kó tó so. Níbi tí òfin bá ti kà á sí èpò, ẹ má gbìn ín.

Èyí tó bí mi nínú jù rèé: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká fi se tíì, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Òótọ́ ni pé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó fún ìsoríkọ́, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn mìíràn dànù kó tó ṣiṣẹ́ tán. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn HIV, ciclosporin tí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ń lò, gbogbo wọn ló ń ṣèpalára fún. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ìsoríkọ́ tí dókítà kọ, kó má fẹnu kàn án rárá, ewu ni.

Torí ẹwà rẹ̀ àti torí àwọn kòkòrò oyin ni mo ṣe ń gbìn ín, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn fún ìyẹn. Páálí kan ti pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ẹ bá aládùúgbò pín in, kẹ́ ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tíì yẹn fún un.