Súìtì Aláìní Ṣúgà fún Òórùn Ẹnu: Ohun Tí Mo Rí Láàárín Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 ni ó tú àṣírí mi fún mi. Mo gbé e lé itan, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹnu yín ń rùn." Àwọn àgbà tó wà níjokòó bojú wolẹ̀, ó hàn gbangba pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Ní ọjọ́ kejì, apoògùn àdúgbò wa ta páálí súìtì kan fún mi ní ₦3,500, ẹyọ 24 ni ó wà nínú rẹ̀, xylitol ni wọ́n fi rọ́pò ṣúgà, wọ́n sì fi èròjà zinc sí i.

Kì í ta ọ̀fun bíi Tom Tom. Ó ń tutù lórí ahọ́n, ṣùgbọ́n bí ó bá yọ́ tán, ẹnu a dà bí ẹnu ẹni tó lá irin. Zinc ni ó ń fa èyí. Òun náà sì ni iṣẹ́ gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ahọ́n ni wọ́n ń sọ àjẹkù oúnjẹ di atẹ́gùn tó ní imí ọjọ́ nínú, irú èyí tí ń mú kí ẹyin tó ti bàjẹ́ rùn, zinc a sì so mọ́ imí ọjọ́ náà kí òórùn rẹ̀ má baà jáde. Ní ti xylitol, kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ kò lè sọ ọ́ di ásíìdì bó ti ń ṣe sí ṣúgà. Mímu súìtì náà tún ń mú kí itọ́ sun, itọ́ ni ó sì ń fọ ẹnu; ìdí nìyí tí ẹnu fi ń rùn jù nígbà tí itọ́ bá dínkù, bíi ní òwúrọ̀ àti nígbà ààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláàwẹ̀ kò lè mu súìtì.

Ìyàwó mi ni mo fi ṣe adájọ́. Ó ní bí mo bá mu ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun kì í gbọ́ òórùn kankan fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni yóò máa padà díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi etí ṣíbí ha ẹ̀yìn ahọ́n mi, ohun tó jáde sì tì mí lójú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ha á láràárọ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti fi orín rin ẹnu, ìgbà yìí ni súìtì náà tó wá ràn mí lọ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àléébù ńlá kan ni pé kò sí ìkìlọ̀ kankan lára páálí náà. Mo mu ẹyọ 9 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru kò sì jẹ́ kí n sùn lóru, nítorí xylitol tó bá pọ̀ jù a máa fa omi sínú ìfun. Ó tún lè pa ajá, nítorí náà orí àjà ni mo ń gbé tèmi sí.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Mo ṣì ń rà á fún ọjọ́ ìpàdé ẹbí, ṣùgbọ́n èrìgì mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, dókítà eyín ni mo gbé e lọ bá.