Bren, ZB vz. 26, DP-27 tàbí MG 34: èwo ni kí ẹ rà nínú òkú ìbọn àárín ogun àgbáyé méjèèjì?

Àwọn tó ń gbé ní ìlú ọba tí wọ́n fẹ́ ra ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọ́n ti pa (tí wọ́n ti ba inú rẹ̀ jẹ́ kí ó má lè yìn mọ́), yálà láti gbé kọ́ ara ògiri tàbí láti fi kún àkójọ wọn, ni mo kọ èyí fún, pàápàá àwọn tí ojú wọn wà lára ohun tí wọ́n ṣe láàárín 1918 sí 1939. Mẹ́rin ni ẹ ó máa bá pàdé lọ́jà jù: Bren Mk I (oríṣi àkọ́kọ́) ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ZB vz. 26 ti Czechoslovakia, DP-27 ti Rọ́ṣíà àti MG 34 ti Jámánì. Iye ọta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tu ní ìṣẹ́jú kan wà níbi gbogbo tí ẹ bá wò, n kò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ohun tó ń ba ìnáwó ẹni jẹ́ ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Ìwé ṣáájú irin

Kò sí ohun tó ń jẹ owó oníbàárà tó ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti pa ìbọn náà. Proof House (ilé ìyẹ̀wò ìbọn) méjì ló wà, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Birmingham. Bí oníṣẹ́ bá ti pa ìbọn tán, àwọn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ àwọn apá rẹ̀ tó ṣe kókó, tí wọ́n á sì kọ ìwé lé e lórí. Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn tí ìwé yìí kò sí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló kù yín kù, ìbọn arọ̀jò-ọta ààyè sì wà lára ohun tí òfin ìlú ọba kà léèwọ̀ pátápátá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ìwé kò dọ́gba. Ìlànà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Wọ́n mú un le sí i ní 1995. Ní April 8, 2016, ìlànà ti European Union wọlé, wọ́n sì tún un ṣe ní June 2018. Èyí tí wọ́n pa ṣáájú 2016 ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní "old spec", òun gan-an ló sì ń fa ojú oníbàárà mọ́ra. Pàápàá èyí tí wọ́n pa ṣáájú 1995: ọwọ́ ìfà rẹ̀ ṣì ń lọ síwájú sẹ́yìn, ibi tí ìka ń fà ṣì ń dún, ẹ sì lè tú u lórí tábìlì kí ẹ tún tò ó padà. Ti ìlànà tuntun kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ pọ̀ gírígírí, kò sí ohun tó ń mì.

Ẹni tó ní "old spec" tẹ́lẹ̀ lè fi í sílé títí. Ohun tí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 kọ̀ ni pé kí ó tà á tàbí kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ nílùú ọba láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mú un dé ìlànà tuntun. Síbẹ̀ ẹ ó máa rí àwọn tó ń gbé e jáde níbi àpérò àwọn alákòójọ, tí wọ́n á ní ìwé rẹ̀ wà, ìwé náà á sì wà lóòótọ́: ìwé 1993, tí Proof House fúnra rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí. Ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n kò gba títà mọ́. Ẹni tó bá san owó tán kò ní rí i tà lọ́nà ẹ̀tọ́. Bí ó bá fẹ́ tún un ṣe, yóò sanwó oníṣẹ́, yóò sanwó Proof House, yóò sanwó ẹni tó ń gbé e lọ àti ẹni tó ń gbé e bọ̀. Nígbà tó bá sì padà dé, gbogbo ohun tó ń mì lára rẹ̀, tí ó tìtorí rẹ̀ fi owó lé owó, ni wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì pa. Ó ti san iye ìbọn méjì lórí ọ̀kan tó dákẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà ya fọ́tò kan tí ìwé àti nọ́ńbà ara ìbọn á jọ hàn nínú rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. B tí wọ́n kọ bíi 8 lè di wàhálà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé, kí ẹ wo bóyá irú ìbọn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni èyí tó wà níwájú yín: ìwé Mk II lórí ìbọn tí wọ́n ní Mk I ni kò dára. Fọ́tókọ́pì kì í ṣe ìwé. Láti ìparí 2019, ẹni tó ń gbé òkú ìbọn fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó gbà á. Ẹni tó bá ní "a ò nílò ìyẹn", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìdẹkùn kan tún wà tó jẹ́ ti Bren, vz. 26 àti MG 34. Ọ̀pá ìbọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà àwọn sójà máa ń gbé ọ̀pá kejì dání. Ọlọ́jà á wá ní kí ẹ fi ọ̀pá kejì kún un, pé ó máa dùn ún wò nínú àpótí rẹ̀. Ọ̀pá ìbọn nìkan, láìsí ìbọn kankan lára rẹ̀, wà lábẹ́ òfin ìbọn nílùú ọba. Bí wọn kò bá tíì pa á, tí kò sì ní ìwé tirẹ̀, ohun ìjà ààyè lẹ rà yẹn. Àpótí ọta tó ṣófo kò ní wàhálà yìí, ẹ lè rà á bó ṣe wù yín.

Ọdún tó wà lára irin

Enfield, iléeṣẹ́ ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò parí Bren àkọ́kọ́ títí di September 1937, nítorí náà Bren tó jẹ́ ti àárín ogun lóòótọ́ kò ju ti ọdún méjì sí mẹ́ta lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló sì ṣòfò sí Faransé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò ní Dunkirk ní 1940. Ìdí nìyí tí 1938 tàbí 1939 lára ìbọn fi ń gbé owó rẹ̀ sókè. Ẹ wo apá ọ̀tún ara ìbọn, lápá ẹ̀yìn: ẹ ó rí BREN àti MK I, àmì Enfield tí E wà nínú D, àti ọdún nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí INGLIS, Kánádà ni, lẹ́yìn tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Lithgow ti Australia náà, bákan náà.

Ṣùgbọ́n ara ìbọn nìkan kò tó. Ojú ìwò Mk I jẹ́ àgbá kékeré tí à ń yí ní apá òsì. Ti Mk II jẹ́ pẹpẹ irin tó ń dìde. Ọwọ́ ìfà Mk I máa ń ká, ti Mk II dúró gan-in. Ẹsẹ̀ méjì Mk I ṣe é fà gùn kí ẹ sì tì í padà. Àwọn iléeṣẹ́ ìtúnṣe ọmọ ogun kò bìkítà fún ohun tí alákòójọ fẹ́. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo, nítorí náà Bren 1939 tó ru ìdí àti ẹsẹ̀ 1943 pọ̀ lọ jàra. Kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó 1939 fún gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè fọ́tò nọ́ńbà ara ìbọn, ti ọ̀pá àti ti ìdí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Pẹ̀lú vz. 26, ẹ wá orúkọ Brno, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é, lára rẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é láti àárín ọdún 1920 sí 1930, nítorí náà rírí ti àárín ogun gidi rọrùn ju ti Bren lọ. Ṣáínà rà á lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì tún ṣe tiwọn. Ti àwọn ará Ṣáínà dára fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ibẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn gan-an. Àwọn tó ní àmì Jámánì lára jẹ́ èyí tí wọ́n gbà tàbí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n wọ Prague ní 1939. Òǹtẹ̀ ẹyẹ idì máa ń gbé owó sókè, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí àwọn ayédèrú òǹtẹ̀ wà. Bí etí òǹtẹ̀ náà bá ṣì mú ṣáṣá nígbà tí àwọ̀ irin tó yí i ká ti ṣá, ẹ fura.

DP-27 tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ ti 1943, 1944, tàbí lẹ́yìn ogun. Ti ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀wọ́ irin tín-ín-rín yí ọ̀pá rẹ̀ ká láti máa tú ooru, wọ́n yọ ìyẹn kúrò ní nǹkan bíi 1938. Bí ẹ bá sì rí ọ̀pá róbótó tó yọ sẹ́yìn ara ìbọn pẹ̀lú ìdìmú ìbọn ìléwọ́, DPM (DP tí wọ́n tún ṣe) ni, ti 1944 síwájú.

MG 34 ló wọ́n jù, láìsí àríyànjiyàn. Ẹ mọ̀ pé Portugal náà ra tirẹ̀ nígbà ogun, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì lò ó lẹ́yìn ogun, tí wọ́n tún un ṣe tí wọ́n sì pààrọ̀ apá rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe lójú ogun

Ẹni tó ń ra ohun ìtàn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Nínú DP, okùn irin tó ń tì í padà wà lábẹ́ ọ̀pá tó ń gbóná, ooru á mú kó dẹ̀, ìbọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Ohun tí DPM wá tún ṣe nìyẹn. MG 34 lè jẹ bẹ́líìtì ọta, kò sí èyí tó tó o nínú iye tó ń tu, ṣùgbọ́n wọ́n gé irin rẹ̀ ṣe rẹ́gí débi pé iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń dí i lọ́wọ́, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣe ọ̀kan tán. Vz. 26 kò ní àléébù tó tó ìyẹn, àyàfi pé ogún ọta péré ni àpótí rẹ̀ ń gbà. Bren ni vz. 26 tí àwọn ará Brno tún ṣe fún ọta .303 ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdánwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1939. Ọta náà ní etí nídìí, ìdí nìyẹn tí àpótí rẹ̀ fi tẹ̀. Ọgbọ̀n ló ń gbà, ṣùgbọ́n méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn sójà ń kó sínú rẹ̀ kó má baà kọ́. (Breda 30 ti Ítálì? Àpótí ọta rẹ̀ kò ṣe é yọ, bí ó bá ti tẹ̀, ó parí. Ẹ fojú fò ó.)

Nínú ilé

Bren wúwo tó nǹkan bíi kílò 10, vz. 26 àti DP tó bíi 9, MG 34 ju 12 lọ. Ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ ògiri plasterboard lásán. Bíríkì tàbí igi inú ògiri ni kí ẹ wá, kí ìkọ́ méjì gbé e, ọ̀kan nítòsí ẹsẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ìdí. Ojú wẹ́ẹ̀dì ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, ẹ sì mọ̀ pé ẹ kò lè tú inú rẹ̀. Epo díẹ̀ lórí aṣọ, ẹ nù ún, ó tó.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣe àpótí ọta: lára àwọn kan, wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ ọn, lára àwọn mìíràn, wọ́n ti dí ibi tó ń wọ̀, kò ní wọlé mọ́. DP láìsí abọ́ ọta lórí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí páìpù. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé, inú àpò tó bò ó, nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, pẹ̀lú ìwé. Òfin lè mú ẹni tó gbé òkú ìbọn rìn ní gbangba láìnídìí. Ẹ má sì gbèrò àtifi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà: ìwé Proof House kò ní agbára kankan ní Apapa.

Èwo wá ni?

Bí owó kò bá pọ̀, tí ọdún kò sì jẹ yín lógún, DP tó. Bí ti Jámánì ló ń wù yín, tí owó wà, MG 34, ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tó mọ òǹtẹ̀ dání. Ẹni tó fẹ́ àárín ogun láìsí àbùlà, vz. 26 ni kó rà, kò sì ní kábàámọ̀.

Bren ni mo rò pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú yín wá. Àpótí ọta, okùn ìgbékọ́, àpò irinṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà káàkiri ìlú ọba lówó tí kò ga, nígbà tí ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí ti vz. 26. Iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà àlàáfíà tó wà lára Mk I kò sí lára èyí tí wọ́n kán ṣe nígbà ogun. Àti pé òun ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹ̀ka 81 àti 82 ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbé wọ igbó Burma. Bí ẹ bá rí ti Enfield 1938 tàbí 1939 tó ní ojú ìwò àgbá, nọ́ńbà mẹ́ta tó bára mu, àti ìwé 2018 síwájú, ẹ má dúró de èyí tó dín owó.