Bí Rọ́bọ́ọ̀tì Tuntun Ṣe Ń Di Ogbólógbòó: Àyẹ̀wò Entry Grade RX-78-2 Gundam

Ní ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Bandai Spirits ní Jàpáànì gbé rọ́bọ́ọ̀tì ike kan, tí ẹni tó rà á máa ń to fúnra rẹ̀, jáde tí wọ́n pè ní Entry Grade RX-78-2 Gundam, yen 770 péré ni wọ́n sì fi lé e ní ilẹ̀ wọn. Mo ti to mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo gbà pé òun ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kun rọ́bọ́ọ̀tì, kí ó lè jọ ohun tó ti ojú ogun bọ̀, fi bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ohun ìṣeré ọmọdé nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀.

Inú eré orí tẹlifíṣọ̀n ọdún 1979 ni Gundam yìí ti wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta ike rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1980, yen 300 ni, ẹni tó bá sì rà á gbọ́dọ̀ lo gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Ti ìsinsìnyí kò béèrè ìkankan nínú méjèèjì. Ọrùn tín-ín-rín ni wọ́n fi so ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ férémù ike tó gbé wọn dání, tí ó fi jẹ́ pé ìka ọwọ́ lásán ti tó láti yí i já, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan a sì wọ inú èkejì wọ̀ọ̀. Ike náà fúnra rẹ̀ ni ó ní àwọ̀ funfun, búlúù, pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ eérú. Ohun tó wú mi lórí jù ni ojú rẹ̀: wọn kò lo sítíkà rárá, ike yẹ́lò kan ni ó yọ láti ẹ̀yìn òmíràn. N kò lò tó wákàtí méjì lórí èyí àkọ́kọ́. Ibi tí a ti já ẹ̀yà kúrò lára férémù a máa ní àpá kékeré, ṣùgbọ́n sáńpépà nọ́ńbà 600, lẹ́yìn náà 1000, yóò pa á rẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀. Bí a bá kan omi ọ̀dà tó ṣàn dáadáa sí ẹnu ìlà, yóò fúnra rẹ̀ sáré gba inú rẹ̀ lọ, èyí tó bá sì ta sí ẹ̀gbẹ́, a ó fi òwú tí a tẹ̀ bọ tínà nù ún kúrò. N kì í lo dúdú lára ike funfun, nítorí pé ó máa ń pariwo jù. Àwọ̀ eérú ni mo ń lò níbẹ̀, mo sì ń lo àwọ̀ igi lára pupa àti yẹ́lò. Tínà ọ̀dà enamel, irú ọ̀dà elépo kan, a máa wọ inú ike tí kò ní ààbò, pàápàá níbi tí ẹ̀yà méjì ti há mọ́ra, a sì mú kí ó sán. Apá kan ti sán báyìí mọ́ mi lọ́wọ́ rí, láti ìgbà náà ni mo ti ń tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí mo sì ń kọ́kọ́ fín ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán sí i lára.

Ní ti sísọ ọ́ di ogbólógbòó, ara katakata ni mo ti kọ́ ọ. Mo lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀dà kì í bó níbi gbogbo: etí abọ́ ìwalẹ̀ ni ó ti ń bó, àti ibi tí awakọ̀ máa ń tẹ̀ gòkè, ìpẹtà a gba ipa òjò ṣàn wálẹ̀ láti ìdí nọ́ọ̀tì, eruku a sì pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Nítorí náà, etí asà, orúnkún àti ẹsẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ni mo máa ń dojú kọ. Mo ń já fóòmù kékeré kan, mo ń tẹ̀ ẹ́ bọ ọ̀dà àwọ̀ igi tó ṣókùnkùn, mo ń nù ún sára ìwé títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, lẹ́yìn náà ni mo tó rọra fi kàn án. Ẹ má jẹ́ kí àpá náà tóbi. Gundam inú eré ga ní mítà 18, tiwa jẹ́ ìdá kan nínú 144 rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 12.5, tí kò ga tó bírò. Àpá tó fẹ̀ ní mìlímítà kan lára rẹ̀ dúró fún ibi tí ọ̀dà ti bó ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Ṣọ́ọ̀kì tí a fi ọ̀bẹ ha di lẹ́búlẹ́bú dára fún eruku ẹsẹ̀. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tí kì í dán ni a fi ń parí rẹ̀, níta gbangba, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, nítorí pé ọ̀rinrin a máa sọ ọ́ di funfun bí ẹfun.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ìbọn kan àti asà kan ni gbogbo ohun ìjà tó ṣeé gbé lé e lọ́wọ́, kò sì sí nọ́ńbà tàbí àmì kankan tí a lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń wá egungun inú tó ṣeé rí, kí ó ra Master Grade tàbí Real Grade, àwọn oríṣi Gundam ike mìíràn, kí ó sì múra owó sílẹ̀. Funfun rẹ̀ kò sì fojú fo àṣejù rárá: àbàwọ́n kan tó bá ṣì bọ́ sí àyà rẹ̀ ni gbogbo ojú yóò máa wò. Fún ìdí èyí, ẹ̀kẹta tó wà lórí tábìlì mi lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹsẹ̀ àti asà nìkan ni mo ń fi eruku àti àpá sí, mo sì fi àyà rẹ̀ sílẹ̀ ní mímọ́, bíi ti rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn kí ó tó padà sójú ogun.