Oṣù Méje Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Bá Awakọ̀ Òfurufú Wá Iṣẹ́ sí Òkè Òkun

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà láàárín èmi àti wọn, n kò sì fẹ́ kí agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni wá kan ilẹ̀kùn bàbá mi ní Ṣàgámù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó ni pé àwọn yóò bá awakọ̀ òfurufú wá iṣẹ́ sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, láti ọjọ́ tí ó bá ti kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo san ₦850,000: ìdajì lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, ìdajì yòókù nígbà tí wọ́n sọ pé ìwé mi ti dé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin.

Igbákejì kápútẹ́nì ni mí lórí Boeing 737 ní Èkó. Wákàtí 2,340 ni mo ti fò nígbà tí mo lọ bá wọn, láísẹ́ǹsì ATPL, tó ga jù fún awakọ̀ òfurufú, èyí tí ènìyàn kì í gbà láìní wákàtí 1,500, sì ti wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà. Zaria ni mo ti kọ́ iṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, owó obì gbànja tí Màámi ń tà ní Sábó ló sì san èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí obì rán níwèé kì í ná owó láìbèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ni kí n kọ́kọ́ sọ. Wọ́n fi mí lé kápútẹ́nì àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó sì fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fóònù bí ẹni pé èmi ni mo wà níwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Ó ní kí n kà á sí pé ẹ́ńjìnnì kan kú lẹ́yìn tí a ti kọjá V1, níbi tí ènìyàn kò ti gbọdọ̀ dá ìgbéra dúró mọ́, kí n sì sọ ohun tí màá ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àyẹ̀wò fún un, ó dá mi lẹ́kun. "Ọmọ mi, o ti ń kàwé, ta ló ń wa bàálù?" Ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ni mo rò pé ó tó owó tí mo san fún un. Ká ní òun nìkan ni wọ́n ń tà ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni n bá fún wọn.

Ibi tí wọ́n ti jìn sí kòtò ni ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì. Wọ́n sọ fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí Nàìjíríà ti wà nínú ICAO, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ òfurufú, láísẹ́ǹsì wa ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 lórí ọkọ̀ òfurufú sọ ọ́ ní ìpín 32 pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ bàálù sílẹ̀ ni yóò fún awakọ̀ rẹ̀ ní láísẹ́ǹsì, tàbí kí ó fọwọ́ sí èyí tí ó gbà níbòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ láísẹ́ǹsì ti ara rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ EASA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù, kí ó lè máa fò níbẹ̀, ìdánwò mẹ́tàlá orí ìwé ló ń dúró dè é, bí wákàtí rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Bí ó bá sì yege tán, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú náà àti láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tún kù, èyí tí láísẹ́ǹsì kankan kì í fún ni. Méjì nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ìwé mi ránṣẹ́ sí, mo wá ìpolówó wọn rí fúnra mi. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ní Yúróòpù nìkan ni àwọn ń wá. Iye tí mo san ni wọ́n fi ju ìwé mi sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ẹlòmíràn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n máa ń gba awakọ̀ láti ilẹ̀ gbogbo, ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí, ṣùgbọ́n ìkànnì tiwọn gan-an ni ènìyàn ti ń kọ̀wé sí wọn, láìsan kọ́bọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi dárúkọ wọn fún mi. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n san owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Level 6, ìpele Gẹ̀ẹ́sì tó ga jù, wà lára láísẹ́ǹsì mi, èyí tí wọn kì í tún ṣe mọ́ láéláé.

Ní oṣù karùn-ún ni mo rí ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ jù. Mo wà nílé ní Ṣàgámù, òjò ń rọ̀ sórí páànù, iná ti lọ, mo sì ń ka CV tí wọ́n tún kọ fún mi lórí fóònù. Níbi tí mo kọ wákàtí tí mo fi jẹ́ kápútẹ́nì sí, 118 ni mo fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti orí bàálù kéékèèké Zaria. 618 ni mo bá níbẹ̀. Mo pe obìnrin tí ọ̀ràn mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló sọ mí di kápútẹ́nì?"

"Captain, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

Gbogbo wọn kọ́ ni yóò gbé logbook wọn, ìwé tí awakọ̀ ń kọ wákàtí rẹ̀ sí, síwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́, kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí irọ́ wákàtí bá mú, iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn kọ́ ni ó pàdánù, láísẹ́ǹsì rẹ̀ gan-an wà nínú ewu. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo ibi tí wọ́n fi CV náà ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́. Mo bèèrè ẹ̀dà rẹ̀, n kò rí i títí di òní.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n mú wá ni pé kí n fi owó ara mi gba type rating, àṣẹ láti wa irú bàálù kan pàtó, lórí Airbus A320, kí n sì fò fún ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà mí ní wákàtí 500 láìgba owó oṣù. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wò mí títí, ó ní: "O máa wa bàálù fún wọn, o tún máa sanwó fún wọn? Àwọn wo ló wá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn wo?" Bàbá mi ní tirẹ̀ kò rí ìdí tí n kò fi lè máa fò láti pápákọ̀ òfurufú tí ìjọba Ògùn kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìlíṣàn, kí n máa sùn sílé. Mo kọ iṣẹ́ náà.

Ìràwọ̀ méjì ni mo fún wọn, méjèèjì sì jẹ́ ti kápútẹ́nì àgbà yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò wọ́n, kí ó ní kí wọ́n ta ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà fún òun lọ́tọ̀, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ CV. Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ méjì fúnra mi. Ní ti ìdajì owó tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọ̀sẹ̀ kẹtàlá rè é.